Ìfojúsọ́nà Akẹ́kọ̀ọ́ àti Èso Ìdárayá Ọpọlọ: Ohun tí ó Yẹ kí Olùkọ́ Mọ̀

Ìfáárà

Yorùbá gbà pé ohun tí ọkàn ènìyàn bá ń fojú sọ́nà fún kì í ṣàìlọ́wọ́ nínú ohun tí yóò bá a. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wo ilé kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ, tí wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ẹni tí ó fẹ́ rin ìrìn-àjò. Ní ayé òde òní, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti àṣà nìkan. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ti gbé ìfojúsọ́nà sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n ń wádìí bí ó ti tó, ibi tí agbára rẹ̀ dé, àti ibi tí ó ti ń tan ènìyàn jẹ. Ọ̀kan pàtàkì lára ibi tí wọ́n ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìdárayá ọpọlọ.

Ohun tí a ń pè ní ìdárayá ọpọlọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni oríṣiríṣi eré àti ìdánrawò orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù alágbèéká, èyí tí àwọn tí ń tà á ń sọ pé bí ènìyàn bá ń ṣe é déédéé, iyè rẹ̀ yóò sọ, làákàyè rẹ̀ yóò sì jí pépé. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò a máa fetí sí irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kún inú yàrá rẹ̀ fọ́fọ́ a máa fetí sí i pẹ̀lú. A kò lè bá wọn wí, nítorí ẹni tí ẹrù bá wọ̀ lọ́rùn ni ó ń wá òṣùká.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìfojúsọ́nà ẹni tí ń ṣe ìdárayá ọpọlọ lè mú èsì jáde tí gbogbo ènìyàn yóò kà sí iṣẹ́ ìdárayá náà. Nítorí náà, olùkọ́ tí kò bá mọ bí a ti ń ya iṣẹ́ ìfojúsọ́nà sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ẹ̀kọ́ lè fi owó òbí àti àkókò akẹ́kọ̀ọ́ ṣòfò, tí yóò sì rò pé iṣẹ́ rere ni òun ń ṣe. Ṣùgbọ́n a kò sọ pé ìfojúsọ́nà jẹ́ ọ̀tá ẹ̀kọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé kò gbọdọ̀ gba ipò ẹ̀kọ́, kò sì gbọdọ̀ gba oyè tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìlérí Ìdárayá Ọpọlọ àti Ohun tí Ìwádìí Sọ

Ní ọdún 2008, Susanne Jaeggi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí ó mú kí òkìkí ìdárayá ọpọlọ kàn káàkiri. Eré kan ni wọ́n lò. Nínú eré náà, àpótí kékeré kan yóò máa yọ lójú kọ̀ǹpútà, yóò máa ti ibi kan bọ́ sí ibòmíràn. Bí ó ti ń yọ ni ẹni tí ń ṣeré yóò máa gbọ́ ìró lẹ́tà kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ bóyá ibi tí àpótí náà wà, tàbí lẹ́tà tí ó gbọ́, bá èyí tí ó ti kọjá ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn mu. Bí ó bá ti ń gbà á ni eré náà yóò máa le sí i. Wọ́n yan eré yìí nítorí pé ó ń lo agbára tí a fi ń di ọ̀rọ̀ mú lọ́kàn nígbà tí a ṣì ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́, irú agbára tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò bí ó bá ń ṣe ìṣirò láìkọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan ṣe eré náà fún ọjọ́ 8, àwọn mìíràn sì ṣe é títí di ọjọ́ 19. Ohun tí àwọn olùwádìí náà sọ ni pé àwọn tí ó ṣe eré yìí túbọ̀ ṣe dáadáa nínú ìdánwò làákàyè tí kò jọ eré náà rárá, àti pé bí ọjọ́ bá ti pọ̀ tó ni èrè náà pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń ta ayò lójoojúmọ́ yóò kúrò ní ọ̀pẹ, yóò sì di ọ̀ta. Kò sí ẹni tí ó ń jiyàn èyí. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé ọ̀ta ayò yóò tìtorí ayò mọ ìwé kà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ṣé òye tí ó fi ń ka ọmọ ayò yóò bá a dé ìdí ìṣirò ọjà, tàbí ìdí àròkọ? Èyí gan-an ni ìlérí tí àwọn olùta ìdárayá ọpọlọ ń ṣe, òun náà sì ni ó ṣòro jù láti fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀.

Ní ọdún 2010, Adrian Owen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ilé-iṣẹ́ BBC, gbé èsì ìwádìí kan tí ènìyàn 11,430 kópa nínú rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature. Ọ̀sẹ̀ 6 ni àwọn ènìyàn náà fi ń ṣe ìdárayá ọpọlọ lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n túbọ̀ mọ eré tí wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé mímọ̀ náà ràn dé ibi iṣẹ́ ọpọlọ mìíràn tí wọn kò fi dánra wò. Ní ọdún 2013, Thomas Redick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún lo irú eré tí Jaeggi lò; wọ́n fi ọ̀wọ́ mìíràn tí ń ṣe eré tí ó yàtọ̀ wé àwọn tí ń ṣe é, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé làákàyè pọ̀ sí i. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2002, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn àgbàlagbà tí ó lé ní 2,800 fi hàn pé ẹni tí wọ́n kọ́ ní ọgbọ́n ìrántí tẹ̀síwájú nínú ìrántí, ẹni tí wọ́n kọ́ ní ìyára ojú tẹ̀síwájú nínú ìyára ojú. Èrè kálukú kò kúrò ní ìdí ohun tí ó kọ́.

Báwo wá ni ó ṣe jẹ́ tí àwọn kan ń rí èrè ńlá, tí àwọn mìíràn kò sì rí i? Ìdáhùn ìbéèrè yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú rẹ̀ ni kókó àpilẹ̀kọ wa.

Ìwé Ìpolówó Méjì

Ní Yunifásítì George Mason ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, Cyrus Foroughi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2016. Wọ́n lẹ oríṣi ìwé ìpolówó méjì káàkiri ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà láti fi pe akẹ́kọ̀ọ́ wá. Ìkíní sọ ọ́ gbangba pé ìdárayá ọpọlọ àti ìmúgbòòrò òye ni iṣẹ́ náà, ó sì fi kún un pé ọ̀pọ̀ ìwádìí ti fi hàn pé irú ìdárayá bẹ́ẹ̀ lè mú làákàyè pọ̀ sí i. Èkejì kò sọ nǹkan kan nípa ọpọlọ. Ó kàn pe akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n wá kópa nínú ìwádìí láti gba máàkì ìkópa ni. Ènìyàn 25 wá láti ìdí ìwé kìíní, 25 sì wá láti ìdí ìwé kejì.

Láti ibi tí wọ́n dé yìí lọ, ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún gbogbo wọn. Wọ́n fún wọn ní ìdánwò làákàyè, wọ́n mú wọn ṣe irú eré tí a ṣàlàyé lókè yìí fún wákàtí kan péré, wọ́n sì tún fún wọn ní ìdánwò làákàyè lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ìwé ìpolówó kejì pè wá kò tẹ̀síwájú. Àwọn tí ìwé ìpolówó kìíní pè wá fi ohun tí ó tó máàkì 5 sí 10 lórí òṣùwọ̀n làákàyè lé ti tẹ́lẹ̀. Nínú eré náà fúnra rẹ̀, ọ̀wọ́ kan kò ta èkejì yọ.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí. Kò sí olùkọ́ kankan tí yóò gbà pé wákàtí kan lè sọ ọpọlọ dọ̀tun. Bí ó bá sì jẹ́ pé eré náà ni ó ṣe é, ó yẹ kí ó ṣe é fún àwọn 25 kejì pẹ̀lú. Ohun tí ó yàtọ̀ láàárín wọn ni ohun tí wọ́n gbé sọ́kàn wá. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ẹni ìwé kìíní nìkan ni wọ́n pè, àwọn olùwádìí náà ì bá fi ayọ̀ kéde pé wákàtí kan tó láti gbé làákàyè ga, ẹ̀rí ì bá sì wà lọ́wọ́ wọn.

A gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà dọ́gba. Ènìyàn 50 kò pọ̀. Bákan náà, àwọn tí ìwé kìíní wù lè jẹ́ ẹni tí ó ti ní ìrètí púpọ̀ nínú ara wọn tẹ́lẹ̀, kí ó má sì jẹ́ pé ìwé náà ni ó gbin ìrètí sí wọn lọ́kàn. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí mìíràn, tí Jaeggi fúnra rẹ̀ wà lára wọn, dìídì gbin ìfojúsọ́nà sí ọkàn àwọn ènìyàn, wọn kò sì rí i kí ó yí èsì padà. Ní ọdún 2022, Jocelyn Parong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́nà tí ó gbòòrò sí i. Wọ́n mú kí àwọn kan máa retí rere láti inú ìdárayá, kí àwọn kan máa retí òdì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pín wọn sí ìdí ìdárayá gidi àti ìdí eré ìfiwéra. Ohun méjì ni wọ́n rí. Ìkíní ni pé àwọn tí ó ṣe ìdárayá gidi jèrè ju àwọn tí kò ṣe é lọ. Èkejì ni pé àwọn tí ń retí rere jèrè ju àwọn tí ń retí òdì lọ, ìdí eré yòówù kí wọ́n wà. Èyí fi hàn pé ìdárayá àti ìfojúsọ́nà lè ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò bá wọn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè mọ èyí tí ó ṣe iṣẹ́.

Ọ̀nà tí Ìfojúsọ́nà ń Gbà Ṣiṣẹ́

Àwọn oníṣègùn òyìnbó ni ó kọ́kọ́ fi ojú sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní ọdún 1955, Henry Beecher kọ àpilẹ̀kọ olókìkí kan lórí agbára oògùn òfìfo, èyíinì ni hóró tàbí abẹ́rẹ́ tí kò ní èròjà oògùn nínú, ṣùgbọ́n tí ara ń tu aláìsàn tí ó gbà á. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà pé kí a tó fọwọ́ sí oògùn tuntun, a máa ń fún àwọn kan ní oògùn gidi, a ó fún àwọn kan ní òfìfo tí ó jọ ọ́, aláìsàn kò sì ní mọ èyí tí òun gbà.

Ìṣòro ìdárayá ọpọlọ ni pé kò ṣeé fi pa mọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń ṣe eré tí ó le, tí ó ń gbóná sí i lójoojúmọ́, mọ ohun tí òun ń ṣe. Kò sì níí ṣàìretí pé yóò ṣe òun ní àǹfààní. Ẹni tí wọ́n bá fún ní eré ọ̀rọ̀ àdìtú kan láti fi pa ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ kò ní retí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2013, Walter Boot, Daniel Simons àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi èyí ṣe àríwísí ńlá sí iṣẹ́ àwọn akẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ní kò tó kí a kàn ní ọ̀wọ́ ìfiwéra. A gbọ́dọ̀ wádìí bóyá ìfojúsọ́nà ọ̀wọ́ méjèèjì dọ́gba.

Ìfojúsọ́nà kì í ṣe idán. Ní èrò tiwa, ọ̀nà tí ó ń gbà yọjú nínú ìdánwò kò ṣòro fún olùkọ́ láti mọ̀. Ẹni tí ó gbà pé iyè òun ti sọ yóò fara balẹ̀ sí ìdánwò kejì ju ti ìkíní lọ. Bí ìbéèrè kan bá le, kò ní tètè fò ó. Yóò padà sí i. Ìbẹ̀rù tí ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fò lọ lọ́kàn yóò dínkù. Gbogbo èyí lè gbé máàkì sókè láìjẹ́ pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ ní agbára tuntun kankan. Agbára tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó rí àyè jáde.

Ìsọyè àti Ìdárayá Ọpọlọ

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Kí kọ̀ǹpútà tó dáyé ni Yorùbá ti ní ìsọyè, tí wọ́n ń lò fún ọmọ awo, fún ọmọ kéú àti fún ọmọ iléèwé, kí ohun tí wọ́n bá kọ́ má baà bọ́ lórí wọn. A kò wá síbí láti jiyàn lórí bí ewé kan ti jẹ́ tàbí bí kò ti jẹ́. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ egbòogi nìyẹn. Ohun méjì ni a fẹ́ fà yọ.

Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tí ó lo ìsọyè mọ̀ pé òun lò ó. Àgbà tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ni ó fún un, wọ́n sì sọ fún un ohun tí yóò ṣe. Nítorí náà, bí ó bá yege, a kò lè fi yíyege rẹ̀ nìkan mọ̀ bóyá ewé ni, bóyá ìfọkànbalẹ̀ ni, bóyá ìwé tí ó kà lóru ni. Irú ìṣòro yìí gan-an ni ó wà nídìí eré orí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó ń fi ìsọyè rẹ́rìn-ín tí ó sì ń fi owó ra ìdárayá ọpọlọ láìbèèrè ẹ̀rí, aṣọ òyìnbó ni ó wọ̀ fún ohun kan náà.

Èkejì ni pé àwọn àgbà wa kò fi ìsọyè dípò ẹ̀kọ́. Odù Ifá jẹ́ 256, ẹsẹ tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì lóǹkà. Ọmọ awo tí ó lo ìsọyè ṣì ní láti jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, kí ó máa gbọ́, kí ó máa pè é tẹ̀ lé e, kí wọ́n máa tún un ṣe fún un. Ìrètí ni wọ́n fi ìsọyè gbìn. Àkọ́sórí ni wọ́n fi bomi rin ín. Èrò tí a ń gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò jìnnà sí ìyẹn.

Títa Ìrètí

Níbi tí ìrètí bá ti lè mú èsì jáde, kò ní pẹ́ kí àwọn kan tó máa tà á. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2016, Federal Trade Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń dáàbò bo oníbàárà lọ́wọ́ ẹ̀tàn, kéde pé ilé-iṣẹ́ Lumos Labs, tí ó ni ètò ìdárayá ọpọlọ Lumosity, gbà láti san mílíọ̀nù 2 owó dọ́là. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó polówó pé eré rẹ̀ yóò mú kí ènìyàn túbọ̀ ṣe dáadáa ní iléèwé àti níbi iṣẹ́, yóò sì fa ọwọ́ ìgbàgbé ọjọ́ ogbó sẹ́yìn, láìní ẹ̀rí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó tó. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ bí 70 ti fọwọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ kan tí ó jáde láti Yunifásítì Stanford àti ilé ìwádìí Max Planck ní Berlin pé ìlérí àwọn olùtà ti ju ohun tí ẹ̀rí gbé lọ. Ní ọdún kan náà, àwọn onímọ̀ mìíràn tí ó lé ní 100 dáhùn pé ìkìlọ̀ náà ti le jù, àti pé àwọn ìdárayá kan wà tí ẹ̀rí wà fún. Àríyànjiyàn náà kò tí ì parí. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọ̀mọ̀wé kò bá tí ì fohùn ṣọ̀kan, kò yẹ kí olùkọ́ di alágbàtà ọjà náà láàárín òbí.

Àwa náà Ńkọ́?

Ó rọrùn láti fi ìka sí àwọn olùtajà. Ó yẹ kí a fi ojú kan náà wo ohun tí ẹ̀ka tiwa fẹ́ràn. Láti ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ìwé kìíní dé ìwé kẹfà. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún 3 àkọ́kọ́, tí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lẹ́yìn náà. Èsì tí ó jáde ni pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. A kì í sú láti tọ́ka sí èsì yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti ka ìwádìí George Mason yóò béèrè pé: àwọn olùkọ́ tí ó gba ètò náà gbọ́ tọkàntọkàn, àwọn ọmọ tí wọ́n mọ̀ pé àwọn wà nínú ohun tuntun, ṣé ìfojúsọ́nà wọn kò lọ́wọ́ nínú èsì? Ìdáhùn tiwa ni pé ó ṣeé ṣe kí ó lọ́wọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 6 kì í ṣe wákàtí kan. Iṣẹ́ iléèwé gidi ni wọ́n sì fi dán àwọn ọmọ náà wò, kì í ṣe eré tí ó jọ èyí tí wọ́n ti ń ṣe. Ìdí nìyí tí ẹ̀rí náà fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí aráyé gba ẹ̀rí wa lórí ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí, àwa ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè yìí, kí ọ̀tá má baà béèrè rẹ̀ fún wa.

Ìfojúsọ́nà Olùkọ́

Títí di ibi tí a dé yìí, ìfojúsọ́nà akẹ́kọ̀ọ́ ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rí ìfojúsọ́nà tí ó ní nípa ọpọlọ ara rẹ̀? Ìwé ìpolówó kọ́ ni ó ń kà ní kíláàsì; ojú àti ẹnu olùkọ́ ni. Nínú ìwé tí Robert Rosenthal àti Lenore Jacobson tẹ̀ jáde ní ọdún 1968, wọ́n ròyìn bí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ California ní ìdánwò, tí wọ́n sì sọ fún àwọn olùkọ́ pé ìdánwò náà fi hàn pé àwọn ọmọ kan, bí ẹyọ kan nínú márùn-ún, yóò tayọ láìpẹ́. Kèké lásán ni wọ́n fi yan àwọn ọmọ náà. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tí wọ́n dárúkọ wọ̀nyí fi máàkì làákàyè ju àwọn yòókù lọ ní kíláàsì kìíní àti èkejì.

Wọ́n ṣe àríwísí púpọ̀ sí ìwádìí yìí, púpọ̀ nínú àríwísí náà sì tọ́. Ní ọdún 2005, Lee Jussim àti Kent Harber tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìfojúsọ́nà olùkọ́ a máa ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kì í sábà tóbi. Èyí tí ó kàn wá jù ni iṣẹ́ Stephen Raudenbush ní ọdún 1984. Nígbà tí ó kó ìwádìí 18 pọ̀, ó rí i pé níbi tí olùkọ́ bá ti mọ akẹ́kọ̀ọ́ ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ kí wọ́n tó sọ ìsọkúsọ fún un, ọ̀rọ̀ náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ràn án mọ́. Níbi tí olùkọ́ kò bá tí ì mọ̀ wọ́n ni ó ti ń ràn án.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yín nìyí. Ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ẹni tí ẹ bá níbẹ̀ yóò fi ìka tọ́ka sí ọmọ kan lẹ́yìn yàrá, tí yóò ní olódo ni. Bí ẹ bá gbé orúkọ náà sọ́kàn, ẹ kò ní pe ọmọ náà dáhùn ìbéèrè. Bí ó bá ṣì í, ẹ kò ní dúró kí ó tún un gbìyànjú. Kò sì ní pẹ́ kí òun náà tó mọ̀ pé ẹ kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ òun. Odo tí ó gbà nínú ìdánwò kan ti di orúkọ, orúkọ náà yóò sì máa ro ó. Kò sí ìdárayá ọpọlọ tí yóò wo èyí sàn.

Àbá Wa

Látàrí gbogbo ohun tí a ti sọ, a dá àbá wọ̀nyí:

(i) Bí ẹnikẹ́ni bá gbé eré, ìwé tàbí ọgbọ́n ìkọ́ni tuntun wá pé ó ń mú ọpọlọ jí, kí olùkọ́ béèrè ohun mẹ́rin: Kí ni wọ́n sọ fún àwọn tí ó lò ó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀? Ta ni wọ́n fi wọ́n wé, kí sì ni àwọn wọ̀nyẹn ń retí? Ṣé ohun tí wọ́n wọ̀n kúrò ní ìdí eré náà gan-an? Báwo ni èrè náà ti pẹ́ tó?

(ii) Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ń ṣe àpilẹ̀kọ àṣekágbá lórí ọgbọ́n ìkọ́ni, kò yẹ kí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ọ̀wọ́ tí ó fẹ́ kí ó yege, kí ó fi ọ̀wọ́ ìfiwéra sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ó sì tún máàkì ìwé méjèèjì. Kí alábòójútó rí i pé ẹni tí ń máàkì kò mọ ọ̀wọ́ tí ìwé kọ̀ọ̀kan ti wá, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ọ̀wọ́ méjèèjì sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sì wà ní kíkọ nínú iṣẹ́ náà.

(iii) Kí olùkọ́ tuntun má ṣe béèrè ẹni tí ó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀wé láàárín ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́. Kí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ náà mọ̀ wọ́n.

(iv) Kí ìrètí tí olùkọ́ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìgbésẹ̀ nínú. Ní ọdún 2019, David Yeager àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nípa akẹ́kọ̀ọ́ bí 12,000 ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ tí kò tó wákàtí kan pé òye a máa dàgbà. Àwọn tí máàkì wọn kéré tẹ́lẹ̀ tẹ̀síwájú, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá máàkì kan péré ni. Ó dára, kò sì pọ̀. Nítorí náà, "o lè ṣe é" nìkan kò tó. "O ti gba ìdajì, àmì ohùn ni ó kù, jẹ́ kí a tún un ṣe" ni ọ̀rọ̀ olùkọ́.

Ìgúnlẹ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìfojúsọ́nà lè gbé èsì ìdárayá ọpọlọ sókè, àti pé èyí ni ó fi yẹ kí a ṣọ́ra bí a bá ń gba ìlérí tàbí tí a bá ń ṣe ìwádìí. A kò ní kí olùkọ́ gba ìrètí kúrò lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tí kò retí nǹkan kan kò ní ṣí ìwé. Ṣùgbọ́n ìṣírí ni ìrètí jẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fún ní ìrètí láìfún un ní ẹ̀kọ́ yóò mọ̀ lọ́jọ́ kan pé wọ́n tan òun ni, kò sì dájú pé yóò tún gba olùkọ́ mìíràn gbọ́ lẹ́yìn èyí. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba; ẹni tí yóò bá a jókòó títí tí yóò fi pè é ni ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni wà láti kọ́.